Ẹ Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kí Ẹ Tó Pa Á



Ní ẹgbẹ́ kan tí mo lọ yẹ ìwé rẹ̀ wò, mo rí owó oògùn kòkòrò tí wọ́n yọ nínú àpò ẹgbẹ́. Wọ́n ní àwọn bá kòkòrò tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀, nídìí èèbù iṣu tó jẹrà. Èmi náà kò mọ̀ jù wọ́n lọ. Mo fọwọ́ sí i. Wọ́n pa kòkòrò náà, èèbù kò yé jẹrà, owó sì ti lọ. Ìdí nìyí tí mo fi mú ẹ̀kọ́ yìí wá.

Ọ̀kùn tó máa ń ká bí a bá fọwọ́ kàn án ní ẹsẹ̀ mẹ́rin lórí ọ̀pọ̀ oríkèé ara rẹ̀. Ewé jíjẹrà ló ń jẹ. Kòkòrò tí à ń sọ yìí ní ẹsẹ̀ méjì péré lórí oríkèé kọ̀ọ̀kan. Bí a bá kà wọ́n ní méjì-méjì, irú rẹ̀ ń ní láti 27 dé 191. Kò lójú, ìwo orí ló fi ń wá ọ̀nà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ ti di èékánná olóró lábẹ́ orí, òun ló fi ń pa kòkòrò kéékèèké jẹ. Ìyá a máa ká yí ẹyin rẹ̀ ká, a sì máa ṣọ́ ọ.

Ní 1815, Leach, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ẹbí wọn ní Geophilidae, èyí tó wá láti inú èdè Gíríìkì: olùfẹ́ ilẹ̀. Orúkọ yìí gba ọ̀pọ̀ jù. Ní 1896, Cook ará Amẹ́ríkà yọ Schendylidae àti Oryidae sọ́tọ̀. Ní 2014, àwọn onímọ̀ tún da Linotaeniidae àti Dignathodontidae pọ̀ mọ́ Geophilidae. Bí akọ̀wé wa ṣe ń tún ìwé owó ṣe nígbà tí ẹ̀rí tuntun bá dé ni. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Òwe wa ní ẹni tí a bá lábà ni baba. Ṣùgbọ́n kòkòrò tí a bá nídìí èèbù kọ́ ni olè. Ikán ńkọ́? Aràn wẹ́wẹ́ inú ilẹ̀ ńkọ́? Ó lè jẹ́ ọdẹ ni ẹ pa, tí ẹ fi olè sílẹ̀.

Ìbéèrè fún ìpàdé:
1. Báwo ni a ṣe ń dá ọ̀kùn mọ̀ yàtọ̀ sí kòkòrò yìí?
2. Ta ni yóò yẹ oko wò kí ẹgbẹ́ tó yọ owó oògùn?