Àpótí Ìmọ̀: Wẹ́dà àti Máòsì
Ní Alákijà, lẹ́bàá òpópónà Èkó sí Àgbádárìgì, ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà àti ti oníkọ̀ǹpútà lè jọ máa fa iná lórí wáyà kan. Iná tó ń ta pàrà nídìí wẹ́dà, tàbí nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin, ń tú ìgbì rédíò jáde. Irú ìtapàrà bẹ́ẹ̀ náà ni Heinrich Hertz fi ṣe ìwádìí rẹ̀ ní 1887. Wáyà USB tó gùn lè gba ìgbì ọ̀hún bí ẹ̀ríàlì, kí máòsì sì dákú.

Láti mọ ọ̀nà tí ìdààmú náà ń gbà wọlé, kí a kọ́kọ́ lo láptọ́ọ̀pù lórí bátìrì nìkan. Bí ìdààmú bá dáwọ́ dúró, wáyà iná ilé ni ká fura sí: ká yẹ wáyà earth wò bóyá ó wọlẹ̀ dáadáa. Bí kò bá dáwọ́ dúró, ká lo wáyà USB kúkúrú, ká so òrùka ferrite mọ́ ọn. Stabilizer tí ọ̀pọ̀ ń sáré rà kì í sábà ran èyí. Fọ́tééjì ló wà fún.