Ìkànnì Oníbàárà: WordPress ni àbí Laravel? Ṣe àti Má Ṣe

Iṣẹ́ ìkànnì já lé ọ lọ́wọ́ ní Yábà, Sùúrùlérè tàbí Múṣín l'Ékòó. WordPress, Joomla àti Drupal ni aṣọ tí wọ́n ti rán sílẹ̀ lọ́jà Téjúoṣó. Laravel, Django àti Rails ni ìgàn tí ìwọ fúnra rẹ máa gé. Òfin rèé.

Kí o tó gba àsansílẹ̀

Ṣe: Béèrè ẹni tí yóò máa yí iye owó ọjà padà lórí ìkànnì náà tí o bá ti lọ.
Má ṣe: Má bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọ̀ àti lógò.

Ṣe: Kọ ohun tí ìkànnì náà máa ṣe sórí ìwé, kí oníbàárà fọwọ́ sí i.
Má ṣe: Má yan irinṣẹ́ torí pé òun ni gbogbo àwọn tó ń kọ kóòdù ní Yábà ń pariwo.

Ibi tí WordPress ti tó

Ṣe: Fi kọ́ ìkànnì ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, iléèwé, ìwé ìròyìn àdúgbò, àti ti ẹni tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ládípọ̀. Ọ̀rọ̀, àwòrán, iye owó, nọ́ńbà WhatsApp: ó parí.
Má ṣe: Má fi Django kọ́ irú èyí. Inú iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ní Lawrence, ní Kansas, ni Django ti jáde lọ́dún 2005, lóòótọ́. Àmọ́ iléeṣẹ́ náà ní àwọn tó ń kọ kóòdù nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Oníbàárà rẹ kò ní.

Ṣe: Lo WooCommerce fún ẹni tó fẹ́ tajà. Paystack àti Flutterwave ti ní plugin fún un.
Má ṣe: Má tọ́jú nọ́ńbà káàdì ẹnikẹ́ni sórí sáfà rẹ. Òfin Ààbò Dátà ti ọdún 2023 ń bẹ nílẹ̀.

Ṣe: Gba gbogbo àtúnṣe tí WordPress bá gbé jáde, kí o sì yọ plugin tí o kò lò kúrò.
Má ṣe: Má fọwọ́ kan theme tàbí plugin olówó tí wọ́n ti fọ́, tí wọ́n ń pín kiri lọ́fẹ̀ẹ́. Gbọ́ eléyìí dáadáa. Ẹni tó fọ́ ọ kò fọ́ ọ torí Ọlọ́run. Ó fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìpolówó tẹ́tẹ́ ti ń gbà wọ ìkànnì iléèwé ọmọ kékeré. Mo ti rí i, inú sì bí mi gidigidi, torí òbí ló kọ́kọ́ rí i, kì í ṣe ẹni tó kọ́ ọ.

Ibi tí kò tó

Ṣe: Gba Laravel tàbí Django mú tí iṣẹ́ náà bá ní ìṣirò tirẹ̀: ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó ń yáni lówó, èlé tó ń yí padà, ẹni mẹ́ta tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí owó tó jáde.
Má ṣe: Má kó plugin lé plugin láti sọ WordPress di báǹkì.

Ṣe: Yan èdè tí ẹlòmíì lè bá ọ gbà ṣe. PHP ni WordPress, PHP náà ni Laravel.
Má ṣe: Má fi kóòdù tó yé ìwọ nìkan há oníbàárà mọ́lẹ̀.

Èyíkéyìí tí o bá yàn

Ṣe: Dán an wò lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú, pẹ̀lú dátà tí o fowó rà.
Má ṣe: Má kó àwòrán rẹpẹtẹ sójú ìwé àkọ́kọ́.

Ṣe: Gbé kóòdù lọ sórí GitHub kí o tó dìde.
Má ṣe: Má gbẹ́kẹ̀ lé iná, kì í dágbére.

Ṣe: Forúkọ oníbàárà ra .com.ng rẹ̀, kí o sì fún un ní ọ̀rọ̀ aṣínà.
Má ṣe: Má forúkọ ara rẹ rà á. Ohun ìní rẹ̀ ni.

Tí o bá ṣì ń ṣiyèméjì, WordPress ni. Nínú gbogbo 100 ìkànnì ayé, èyí tó lé ní 40 ló ń lò ó, àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe kò sì wọ́n ní Yábà.