PA ÌWÉ DÉ, KÍ O SÌ BI ARA RẸ LÉÈRÈ
Ẹ̀kọ́ fún àwọn tí ń múra ìdánwò ìwé mẹ́wàá, àti fún àwọn òbí àti olùkọ́ wọn

Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ tí àwọn àgbẹ̀ sì ń kọ ebè, ni àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní kíláàsì ìparí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ń múra láti jókòó fún ìdánwò WAEC. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kàwé ní ọ̀sán àti ní òru. Síbẹ̀, nígbà tí èsì bá jáde, ẹkún ni à ń gbọ́ nínú ilé púpọ̀. A ti rò ọ̀ràn yìí lọ, a rò ó bọ̀, ó sì tọ́ kí a sọ ohun tí a rí nínú rẹ̀, nítorí pé àwa pẹ̀lú ní ẹ̀bi tiwa níbẹ̀.

Ní ìjọ kan tí a ti ṣiṣẹ́ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan wà tí ìyá rẹ̀ jẹ́ opó. Gàrí ni ìyá náà ń tà, nínú èrè gàrí náà ni ó sì ti san owó ìdánwò ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ rárá. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń gbá bọ́ọ̀lù, ìwé ni ó ń kà. Nígbà tí gbogbo ilé bá sì ti sùn, fìtílà rẹ̀ a máa jó títí di òru jíjìn. Ó fi bírò pupa fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ inú ìwé Bàọ́lọ́jì rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣòro láti rí gbólóhùn kan tí kò ní ìlà lábẹ́. Nígbàkúùgbà tí ìyá rẹ̀ bá sì mú un tọ̀ wá wá, ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni a ń fún un, pé, “Ọmọ mi, túbọ̀ máa kà á.” Nígbà tí èsì jáde, F9 ni ó gbà nínú Bàọ́lọ́jì, E8 ni ó sì gbà nínú Ìṣirò.

Ìyá náà wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó wí pé, “Olùkọ́, àbí orí ọmọ mi kò gba ìwé ni?” A kò rí èsì kankan fún un. Ní ọjọ́ kejì a ránṣẹ́ pe ọmọ náà pé kí ó mú ìwé rẹ̀ wá. A ní kí ó ṣí i sí ibi tí ó mọ̀ jù lọ. Ó sì ṣí i sí ibi tí a ti kọ nípa ọkàn àti bí ẹ̀jẹ̀ ti ń lọ yí ara ká. A ní kí ó pa ìwé náà dé, kí ó sì sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún wa. Ọmọ náà wo ilẹ̀. Ó wí pé, “Olùkọ́, mo mọ̀ ọ́n o, ṣùgbọ́n bí n kò bá rí i, kì í jáde.”

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yẹn ni ó là wá lójú. Nínú ọjà, a máa ń rí ẹnìkan tí ojú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa rárá; a ti kí i nígbà púpọ̀; ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá bi wá ní orúkọ rẹ̀, ẹnu wa a wọ̀ wòòròwò. Mímọ ojú ènìyàn kì í ṣe mímọ orúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọmọ yìí mọ ojú ìwé rẹ̀. Bí ó ti ń kà á lẹ́ẹ̀kẹta àti lẹ́ẹ̀kẹrin, ọ̀rọ̀ náà ń yọ̀ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ bí ọbẹ̀ ilá, ó sì rò pé ìmọ̀ ni. Àjọ WAEC, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1952, ni ó ń ṣe ìdánwò yìí fún orílẹ̀-èdè 5, èyí ni Nàìjíríà, Gánà, Sàró, Gáḿbíà àti Làìbéríà. Ẹni tí yóò yẹ ìwé ọmọ wò kò mọ̀ bí ọmọ náà ti pẹ́ tó nídìí fìtílà. Ohun tí ó kọ sílẹ̀ nígbà tí kò sí ìwé níwájú rẹ̀ ni ó rí, èyí nìkan ni yóò sì fi máàkì sí.

Àwọn amòye ti wádìí ọ̀ràn yìí. Ní ọdún 1885, ará Jámánì kan tí a ń pè ní Hermann Ebbinghaus tẹ ìwé jáde lórí ìrántí. Ara rẹ̀ ni ó fi ṣe ìdánwò: ó há àwọn ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ sórí, ó sì ń padà bọ̀ wá wò ó bí wọ́n ti kù sí. Ó rí i pé ìgbàgbé yára jù lọ láàrin wákàtí àkọ́kọ́ àti ọjọ́ àkọ́kọ́, àti pé lẹ́yìn náà ó ń rọra lọ. Ohun tí ó ní ìtumọ̀ a máa pẹ́ lọ́kàn ju irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ìgbàgbé ń gbà kò yàtọ̀.

Ní ọdún 2006, àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àròkọ kúkúrú láti kà. Àwọn kan tún àròkọ náà kà. Àwọn mìíràn pa á dé, wọ́n sì kọ gbogbo ohun tí wọ́n lè rántí sílẹ̀. Nígbà tí a dán wọn wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tí ó tún un kà ni ó ṣe dáadáa jù: wọ́n rántí ìdá 81 nínú 100, àwọn yòókù sì rántí 75. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dán wọn wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀ràn yí padà: àwọn tí ó tún un kà rántí 42, àwọn tí ó pa ìwé dé sì rántí 56. Ẹ kíyèsí i pé àkàtúnkà ń mú inú ọmọ dùn ní alẹ́ òní, a sì máa já a kulẹ̀ ní ọjọ́ ìdánwò.

Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ọ̀nà ìbéèrè àti ìdáhùn ni a fi ń kọ́ni ní katikísímù. A kì í ka ìdáhùn náà létí ọmọ títí láé, àwa a bèèrè, òun a sì dáhùn láti inú ọkàn rẹ̀. Kí ìwé tó dé ilẹ̀ wa pàápàá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa ń kọ́ ọmọ ní oríkì ìdílé: baba a sọ ọ́, ọmọ a tún un wí, bí ọmọ bá kọsẹ̀, a tún un ṣe. Ìgbà tí a rí ìwé tí a ti tẹ̀ ni a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú ṣe iṣẹ́ ọkàn.

Nítorí náà, a to àwọn ìlànà wọ̀nyí sílẹ̀ fún ẹ̀yin ọmọ wa.

Èkíní, bí o bá ti ka ojú ewé méjì tàbí mẹ́ta, pa ìwé náà dé, kí o sì kọ ohun tí o rántí sórí ìwé òfìfo. Lẹ́yìn náà ṣí i, kí o sì fi bírò mìíràn kọ èyí tí o gbàgbé. Ohun tí o fi bírò kejì kọ ni iṣẹ́ rẹ. Má ṣe fi àkókò ṣòfò lórí èyí tí o ti mọ̀. Yí ẹ̀kọ́ rẹ padà sí ìbéèrè. Lórí ọkàn, fún àpẹẹrẹ: Yàrá mélòó ni ó ní? Èwo ni ó ń gba ẹ̀jẹ̀ tí ó ti inú ẹ̀dọ̀fóró bọ̀? Èé ṣe tí ògiri yàrá ìsàlẹ̀ ní apá òsì fi nípọn ju ti apá ọ̀tún lọ? Ẹni tí ó bá lè dáhùn pé ti ọ̀tún ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró nítòsí, ṣùgbọ́n pé ti òsì ń tì í yí gbogbo ara ká, ó ti ní òye, kò há ọ̀rọ̀ sórí lásán.

Èkejì, fi ọjọ́ sí àárín. Ẹ̀kọ́ tí o kọ́ ní ọjọ́ Ajé, bi ara rẹ léèrè nípa rẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn náà ní òpin ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn náà ní ọ̀sẹ̀ méjì, àti lẹ́yìn oṣù kan. Wákàtí mẹ́rin tí a pín sí ọjọ́ mẹ́rin ń so èso ju wákàtí mẹ́rin tí a kó pọ̀ sí alẹ́ kan lọ. Igi gangan má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹni tí ó bá dúró di ọ̀sẹ̀ ìdánwò kò ní ọjọ́ tí yóò pín mọ́.

Ẹ̀kẹta, nínú Ìṣirò, má ṣe yanjú ogún ìbéèrè lórí èlé owó kí o tó lọ sórí ìwọ̀n ilẹ̀. Da oríṣiríṣi wọn pọ̀ mọ́ ara wọn. Nínú ìdánwò, kò sí ẹni tí yóò sọ fún ọ pé irú ìbéèrè báyìí ni èyí; mímọ ọ̀nà tí ó yẹ kí a gbà yanjú rẹ̀ jẹ́ ìdajì iṣẹ́ náà.

Ẹ̀kẹrin, wá àwọn ìbéèrè ìdánwò ọdún àtijọ́, kí o sì dáhùn wọn pẹ̀lú aago níwájú rẹ. Ẹ jẹ́ kí a wo ìwé kejì ti Ìṣirò, bí a ti mọ̀ ọ́n láti ọ̀pọ̀ ọdún: wákàtí méjì àti ààbọ̀ ni, èyí tí í ṣe ìṣẹ́jú 150. Ìbéèrè 5 ní apá kìíní, máàkì 8 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè 5 tí a yàn ní apá kejì, máàkì 12 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí o bá fi ìṣẹ́jú 10 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti apá kìíní, tí o sì fi ìṣẹ́jú 16 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti apá kejì, ìṣẹ́jú 130 ni ìwọ yóò lò, ìṣẹ́jú 20 yóò sì kù láti yẹ iṣẹ́ rẹ wò. Ẹni tí kò bá ṣe ìṣirò yìí nílé yóò lo ìṣẹ́jú 40 lórí ìbéèrè kan, yóò sì fi mẹ́ta sílẹ̀ láìfọwọ́kàn. Àjọ náà a máa tẹ ìròyìn àwọn olórí olùdánwò jáde pẹ̀lú, níbi tí wọ́n ti ń sọ àṣìṣe tí àwọn ọmọ ṣe. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kà á fún wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò kùnà nítorí àìmọ̀ bí kò ṣe pé wọn kò ka àṣẹ tí ó wà lórí ìbéèrè: a ní kí wọ́n ṣàlàyé, wọ́n sì ka orúkọ nìkan.

Ẹ̀karùn-ún, sùn. Ìgbà tí a bá ń sùn ni ọpọlọ ń fi ìdí ohun tí a kọ́ ní ọ̀sán múlẹ̀. Ọmọ tí ó fi gbogbo òru kàwé dà bí ẹni tí ó gbin àgbàdo tán tí ó sì tún hú u kí ó lè mọ̀ bóyá ó ti ta gbòǹgbò.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹ̀yin òbí. Àwọn kan ń gba owó lọ́wọ́ yín láti mú ọmọ yín lọ sí ibi tí wọ́n ń pè ní ibùdó ìyanu, níbi tí a ó ti kọ ìdáhùn fún un. Ẹ má ṣe gbà. Àjọ náà a máa dá èsì irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dúró, a sì máa fagi lé e. Bí kò bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ọmọ náà yóò mú A1 tí kì í ṣe tirẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ojú yóò sì tì í níbẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Bí ẹ kò tilẹ̀ mọ ìwé, ẹ lè ran ọmọ yín lọ́wọ́: ẹ gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ dì í mú, kí ẹ sì wí pé, “Kí ni o kọ́ lónìí? Ṣàlàyé rẹ̀ fún mi kí ó yé mi.” Ọmọ tí ó bá lè mú un yé yín yóò mú un yé olùdánwò.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni opó tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe. Bí ó ti ń yan gàrí ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ rẹ̀ a jókòó tì í, a sì máa fi èdè Yorùbá ṣàlàyé ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà a kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì láìwo ìwé. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó tún ìdánwò náà ṣe. B3 ni ó gbà nínú Bàọ́lọ́jì, ó sì gba C5 nínú Ìṣirò. Nígbà tí ìyá náà wá dúpẹ́, ojú tì wá díẹ̀, nítorí a rántí ọdún kan tí ìmọ̀ràn wa àtijọ́ ti gbà lọ́wọ́ wọn. A wí fún un pé kò sí ohun tí ó ṣe orí ọmọ rẹ̀ rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó wí pé òun náà ti mọ̀ ọ́n nídìí agbada gàrí, nítorí nísinsin yìí òun pàápàá mọ ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tuntun ní ọ̀la, ẹ ní kí àwọn ọmọ pa ìwé wọn dé, kí ẹ sì bi wọ́n ní ìbéèrè márùn-ún lórí ti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Bí wọ́n bá dákẹ́, ẹ má ṣe bínú sí wọn. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ yín ti bẹ̀rẹ̀.