Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Ìyá Ìjọ: Ọtí àti Ìgbà Tí Nǹkan Oṣù Dúró

Ibi kíkà: Gẹ́nẹ́sísì 18:9-15, 1 Sámúẹ́lì 1:9-18, Títù 2:3-5
Ẹsẹ àkọ́sórí: 1 Kọ́ríńtì 6:19

ÌṢÍWÁJÚ

Ẹ̀kọ́ tòní jẹ́ ti àwọn ìyá wa tó ti lé ní ogójì ọdún, ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ má ṣe dìde lọ sílé. Ilé tí ìyá kò bá ti sùn, ta ni yóò sùn níbẹ̀?

Òfin ìjọ wa kọ ọtí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. A ti wàásù rẹ̀ títí, ó ti fẹ́ máa sú àwọn mìíràn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í béèrè. Ìyá tó ti ń wọ aṣọ funfun láti ogún ọdún, tí kò fẹnu kan ọtí rí, kí ló dé tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún ní àádọ́ta ọdún? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ dáhùn lónìí.

1. OHUN TÓ DÉ BÁ SÁRÀ

Ẹ ṣí Gẹ́nẹ́sísì 18, ẹ wo ẹsẹ 11. Bíbélì kò tijú níbẹ̀. Ó sọ fún wa gbangba pé ohun tí àwọn obìnrin máa ń rí ti dáwọ́ dúró lára Sárà. Kò pè é ní àrùn, kò pè é ní ẹ̀ṣẹ̀, kò sì ní ayé ló fi í ṣe é. Ọjọ́ orí ni.

Ọ̀pọ̀ obìnrin, àárín ọdún 45 sí 55 ni nǹkan oṣù wọn ń dúró. Bí oṣù 12 gbáko bá kọjá tí obìnrin kò rí i, ó ti dúró nìyẹn. Kó tó dúró pátápátá, ó lè máa ṣe ségesège fún ọdún mélòó kan: oṣù yìí á wá, oṣù tó ń bọ̀ kò ní wá. Ohun tó fà á ni pé oje kan wà tí ilé ẹyin obìnrin ń ṣe, tí àwọn dókítà ń pè ní ẹ́sítírójìn. Bí ẹyin bá ti ń tán, oje yìí ń dín kù, gbogbo ara á sì mọ̀ ọ́n.

Ìyá á jókòó jẹ́jẹ́, ooru á ṣàdédé gbà á láyà, á gun ọrùn, á gun ojú, òógùn á bò ó, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, ó ti lọ. Nígbà mìíràn òtútù á tẹ̀ lé e. Lóru, á fi òógùn rẹ ìró tó fi bora. Oorun á sá, inú á máa bí i láìnídìí, orí ìkúnlẹ̀ àti ìka ọwọ́ á máa ro ó. Àwọn kan wà tí kì í ṣe é rárá. Àwọn kan wà tó máa ń ṣe fún ọdún púpọ̀.

Ẹ̀yin ará, báwo la ti ń túmọ̀ rẹ̀ láàárín ara wa? A ní iná ń jó o lára, ọfà ọ̀tá ni. A ní orogún rẹ̀ ló fi nǹkan ránṣẹ́. A kò fojú tín-ín-rín àdúrà o, a kò sì sọ pé kò sí ọ̀tá. Ohun tí a ń sọ ni pé, iṣẹ́ tí Ọlọ́run fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sínú ara obìnrin, kí a má ṣe gbé ògo rẹ̀ fún èṣù.

2. OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ LÁÀÁRÍN WA

Arábìnrin kan wà nínú wa, ọlọ́jà ni, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Nígbà tí ooru yìí bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àìsùn pọ̀ fún un. Obìnrin kan lọ́jà fún un ní egbò tí wọ́n fi sódàbì rẹ, ó ní fún ẹ̀yìn dídùn ni, pé á sì jẹ́ kó sùn. Ife kékeré kan ní alẹ́. Lóòótọ́ ló sùn lọ́jọ́ náà. Kò pẹ́, ife kan di méjì. Egbò tán nínú ìgò, ó ń ra sódàbì láìsí egbò.

Ní ọjọ́ ìsìn kan, ẹnìkan gbọ́ òórùn rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Kí la ṣe? A yọ ọ́ kúrò nínú akọrin. A kò béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni kò fi yọjú sí ilé Ọlọ́run.

Ẹ rántí Élì àti Hánà nínú 1 Sámúẹ́lì 1. Hánà kò mutí, Élì ní ó ti mutí yó. Arábìnrin tiwa mutí lóòótọ́, ṣùgbọ́n àṣìṣe Élì náà ni àwa ṣe: a wo ẹnu rẹ̀, a kò wo ọkàn rẹ̀. Élì sàn jù wá lọ níbì kan. Nígbà tí Hánà ṣàlàyé, ó gbọ́, ó sì súre fún un. Àwa kò fún tiwa láyè kó ṣàlàyé.

Níkẹyìn a rán ìyá àgbà méjì lọ sílé rẹ̀. Ó sunkún, ó sọ gbogbo rẹ̀: ìró tó ń rẹ lóru, oorun tó sá, ẹ̀rù tó ń bà á pé ayé ló ń ṣe òun. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àbúrò mi, ṣé nítorí èyí ni? Ó ṣe èmi náà, ọdún mẹ́rin gbáko! Kí ló dé tí o kò sọ?" Ọ̀rọ̀ yìí nìkan, ó ní ó gbé ẹrù ńlá kúrò lórí òun. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n jọ lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n bá ẹ̀jẹ̀ ríru níbẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé ó wà.

3. OHUN TÍ ỌTÍ Ń ṢE NÍ ÀSÌKÒ YÌÍ

Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ara tó ti ń gbóná fúnra rẹ̀, bí a bá da ọtí sí i, kí la retí?

(a) Ooru. Ọtí máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ sáré wá sí awọ ara. Ní ara ọ̀pọ̀ ìyá, òun gan-an ló ń pe ooru náà wá.

(b) Oorun. Ọtí á gbé ènìyàn sùn kíákíá, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bó bá di ọ̀gànjọ́, tí ara bá ti ń lọ ọtí náà tán, oorun á já. Òógùn á dé, ìtọ̀ á gbé e dìde, kò ní lè sùn mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì á tún wá ọtí. Bí ife kan ṣe ń di méjì nìyẹn.

(d) Egungun. Oje ara tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, òun ló ń ran egungun obìnrin lọ́wọ́ láti le. Bó ti dín kù, egungun á bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́, pàápàá ní àwọn ọdún àkọ́kọ́. Ọtí àmujù á tún ba iṣẹ́ egungun jẹ́. Ẹni tí ọtí ń pa, ìṣubú kò jìnnà sí i, ìbàdí àgbàlagbà tó bá sì kán kì í tètè jinná.

(e) Ọkàn àti ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dúró, àrùn ọkàn túbọ̀ ń sún mọ́ obìnrin. Ọtí ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ sí i, ó sì ń mú ìbànújẹ́ wúwo sí i.

(ẹ) Jẹjẹrẹ. Láti ọdún 1988 ni àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ ti ka ọtí mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Jẹjẹrẹ ọmú wà lára wọn. Díẹ̀ pàápàá ń mú ewu rẹ̀ wá, bó sì ti ń pọ̀ ni ewu ń pọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé tí wọ́n ń pè ní OMS sọ pé kò sí ìwọ̀n ọtí kan tí a lè sọ pé kò léwu fún ara.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Omi inú ara obìnrin kò tó ti ọkùnrin, bí a sì ti ń dàgbà ló ń dín kù. Nítorí náà, ife kan náà tí bàbá àti ìyá jọ mu, yóò le jù nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá. Ife tó mu ní ọgbọ̀n ọdún tí kò ṣe é ní nǹkan kan, kò jẹ́ bákan náà mọ́ ní àádọ́ta.

4. ẸSẸ TÍ A FI Ń GBÈ ỌTÍ LẸ́YÌN

Àwọn kan á ní, "Ṣé Pọ́ọ̀lù kò sọ fún Tímótíù pé kó lo wáìnì?" Ẹ jẹ́ ká ka 1 Tímótíù 5:23 dáadáa. Ọ̀rọ̀ inú rírun Tímótíù ni, díẹ̀ ló sì sọ. Kò sọ ti ooru, kò sọ ti àìsùn. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù yìí kan náà wá ń sọ̀rọ̀ àwọn àgbà obìnrin nínú Títù 2:3, kí ló wí? Ó ní kí wọ́n má ṣe di ẹrú wáìnì, kí wọ́n jẹ́ olùkọ́ ohun rere. Ó dà bí ẹni pé ó mọ̀ pé àsìkò yìí gan-an ni ìdánwò náà ń wá.

5. BÍ A Ó TI FI Í SÍLẸ̀

Èkíní: sọ fún ẹnìkan. Ìyá àgbà kan, ọkọ rẹ, tàbí ọmọ rẹ obìnrin.

Èkejì, ẹ gbọ́ èyí dáadáa o: ẹni tó ti ń mu ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ já a lójijì nínú ilé láìsí dókítà. Ọwọ́ lè máa gbọ̀n, ó lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, gìrì lè mú un, ó sì lè pa á. Bí a bá rí èyí, kí a má ṣe pè é ní ẹ̀mí èṣù nìkan, kí a má tì í mọ́ ilé àdúrà, kí a má sì fi ààwẹ̀ gbígbẹ sí i lọ́rùn. Ọsibítù ni kí a kọ́kọ́ gbé e lọ. A lè gbàdúrà lójú ọ̀nà.

Ẹ̀kẹta: béèrè ohun tí wọ́n fi rẹ àgbo kí o tó mu ún. Bó bá jẹ́ ọtí ni, ọtí lo mu, ohun yòówù kí wọ́n pè é. Má ṣe da ọtí pọ̀ mọ́ oògùn òyìnbó, pàápàá oògùn oorun.

Ẹ̀kẹrin: fún ara ní ohun tó ń fẹ́. Omi tútù, aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, fèrèsé ṣíṣí lóru. Bí ata tàbí ohun gbígbóná bá ń pe ooru wá, dín in kù. Máa fi ẹsẹ̀ rìn lójoojúmọ́. Fún egungun, wàgáṣì tí àwọn Fúlàní ń tà, ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ teegunteegun, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ dára. Bí ooru bá pọ̀ jù, dókítà ní oògùn tó lè fi ràn ọ́ lọ́wọ́.

Ẹ̀karùn-ún: mọ ohun tí o máa sọ kó o tó dé òde. Láti Àjàṣẹ́ dé Kétu títí dé Ṣábẹ̀ẹ́, òkú àgbà àti ìkómọ kì í ṣẹ́ ọtí kù. Sọ pé, "Ẹ ṣé o, omi ni kí ẹ fún mi." Kò sí àlàyé tó kù lọ́rùn rẹ.

Ẹ̀kẹfà: bí ọdún kan bá ti kọjá tí nǹkan oṣù dúró, tí ẹ̀jẹ̀ sì tún yọ, bó ti wù kó kéré, lọ rí dókítà kíákíá. Nǹkan oṣù kọ́ nìyẹn.

Arábìnrin wa yẹn kò fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó tún mu ún lẹ́ẹ̀kan níbi òkú, ó wá fúnra rẹ̀ sọ fún wa, a kò sì lé e. Ooru rẹ̀ kò tíì lọ tán lónìí, ṣùgbọ́n ó ń sùn, ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sì ti wálẹ̀. Ó ti padà sínú akọrin. Àwa la bẹ̀ ẹ́ kó padà, bí ó sì ti yẹ nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ
1. Kí ni Gẹ́nẹ́sísì 18:11 kọ́ wa nípa ara obìnrin?
2. Níbo ni a ti ṣe bí Élì sí ẹnìkan nínú ìjọ?
3. Kí ló dé tí ọtí fi ń já oorun lóru?
4. Ta ni kò gbọdọ̀ já ọtí lójijì láìsí dókítà?

ÀDÚRÀ
Olúwa tó dá Sárà, tí o sì mọ ọjọ́ orí rẹ̀, wo àwọn ìyá wa. Fún wọn ní oorun. Fún àwa náà ní etí tó ń gbọ́ kí ẹnu wa tó dájọ́. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.