Ilé Àlàpà Tó Fẹ́ Wó Lù Wá: Ta Ni Ká Bá Sọ̀rọ̀?

ÌBÉÈRÈ

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tẹ́nikẹ́ni ti gbé ibẹ̀ kẹ́yìn. Páànù orí rẹ̀ ti ṣí lọ, ògiri tó kọjú sí wa ti sán, ó sì ń tẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Àwọn ọmọ ìta ń mugbó nísàlẹ̀ rẹ̀, ilẹ̀ tó ṣófo lẹ́yìn rẹ̀ ti di ààtàn. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri gàdàgbà pé ilé náà kì í ṣe títà, síbẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ tó nilé ń sọ pé ká mówó wá, òun á tà á fún wa. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ní àwọn á wó o lọ́jọ́ Sátidé kan, ká lè fi ibẹ̀ gbin ẹ̀fọ́. Ọkọ mi ń bẹ̀rù pé wọ́n á ní a fẹ́ gba ilé onílé. Kí la lè ṣe?

Ìyá Ìbejì, Èbúté Mẹ́ta

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà o. Ẹ bá mi kí bàbá àtàwọn ìbejì. Ẹ sọ fáwọn ọ̀dọ́ yẹn kí wọ́n gbé òòlù sílẹ̀ ná, torí òótọ́ ni bàbá ń sọ.

Ilé tó bá ti di àlàpà, ńṣe la máa ń rò pé kò lẹ́ni mọ́. Ní Èkó, àwọn tó ni ín ló sábà máa ń pọ̀ jù. Bàbá kọ́lé, bàbá kú láìpín in, ilé di ti ẹbí. Ọ̀kan ń gbé Abúlé Ẹ̀gbá, ọ̀kan wà ní London. Eléyìí fẹ́ tà, tọ̀hún kọ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ náwó sórí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ìjà ẹbí lẹ̀ ń kà lára ògiri yẹn.

Ṣùgbọ́n ewu kì í dúró de ìpàdé ẹbí. Ògiri tó bá sán ní ìdábùú, tí ìka lè wọ inú rẹ̀, tó sì tún ń tẹ̀, kì í ṣe ohun àfojúfò. Láìsí páànù, òjò ń wọnú ògiri láti òkè, ó sì ń jẹ irin inú dẹ́kìn. Ẹ pe 767 tàbí 112, nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó ni méjèèjì, ìpè ọ̀fẹ́ sì ni. Lẹ́yìn náà, kí ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù kọ̀wé sí LASBCA, àjọ tó ń mójú tó ilé kíkọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó. Kí wọ́n fi fọ́tò tí wọ́n yà láti ìta sí i, kí ọ́fíìsì sì lu òǹtẹ̀ mọ́ ẹ̀dà tiyín. LASBCA ló láṣẹ láti fọ̀dà pupa sàmì sí ilé, kí wọ́n sì ní kí wọ́n wó o. Ẹni tí kò mọṣẹ́ tó bá wó o, ó lè fa ògiri tiyín lọ tàbí kó pa ọmọ ọlọ́mọ. Kí wọ́n tó dé, ẹ kó ibùsùn àwọn ọmọ kúrò ní yàrá tó kọjú sí ibẹ̀.

Ẹ má fi lẹ́tà kan mọ. Ilé tó wó ní Ìta Fàájì ní March 13, 2019, táwọn ọmọ iléèwé wà lókè rẹ̀, àwọn aláṣẹ ní wọ́n ti sàmì sí i tẹ́lẹ̀ pé wíwó ni. Àmì nìkan ò wólé. Ẹ máa padà lọ bi wọ́n.

Ní ti ààtàn, àwọn wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ ni kẹ́ ẹ fẹjọ́ sùn. Ẹ ti lè máa da omi inú táyà àti ike tó wà lẹ́bàá títì nù lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀, torí ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn tó ń fò láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.

Ó wá ku ẹbí. Ẹ má fún ọmọ-ọmọ yẹn ní kọ́bọ̀. Bí ẹnì kan bá dá ta ilé ẹbí lẹ́yìn olórí ẹbí, títà náà kò múlẹ̀ rárá lójú òfin. Bó bá sì jẹ́ olórí ẹbí ló tà á láìsọ fáwọn àgbà ìdí-igi kọ̀ọ̀kan, wọ́n lè lọ fagi lé e ní kóòtù. Kí àgbàlagbà kan nínú ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù wá olórí ẹbí náà rí, kó sì kọ́kọ́ sọ fún un pé àdúgbò kò fẹ́ gba ilé wọn. Lẹ́yìn èyí ni kó tó rán an létí pé òfin Èkó gbà kí ìjọba gba ilé tó bá wó nítorí àìbìkítà ẹni tó ni ín. Bí wọn ò bá sì lè fẹnu kò, ọmọ ẹbí kan lè ní kí kóòtù pín ilé náà, tàbí kí wọ́n tà á kí wọ́n pín owó.

Bí ẹbí bá yọ̀ǹda ilẹ̀ ẹ̀yìn yẹn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ kàn ń lò ó fúngbà díẹ̀ ni. Ẹ gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú níbi tí wọn ò ti sun bátìrì rí, ṣùgbọ́n ẹ má gbin ọsàn tàbí àgbọn. Láyé àtijọ́ pàápàá, ẹni tí wọ́n yá nílẹ̀ kì í gbin igi tó ń pẹ́, torí ẹni tó gbin igi ti ń sọ pé òun ló nilẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe 767 yẹn kẹ́ ẹ tó ṣí ojú ewé tó kàn.