Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Yàrá Wo ni Wọn Yóò Fi Ọmọ Náà Sí?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ọgbà ẹ̀wọ̀n kan wà ní Atakpamé. Àwọn kan rò pé ọ̀daràn ni gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀, pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí a pín wọn sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ní ọdún 1955, ìpàdé àgbáyé kan ní Geneva ṣe ìlànà fún ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ní ọdún 2015, a tún un ṣe, a sì fi orúkọ Nelson Mandela pè é. Lára ohun tí ó sọ nìyí:

1. Kí ọkùnrin àti obìnrin má ṣe gbé pọ̀.
2. Kí afurasí má ṣe bá ẹni tí adájọ́ ti dá lẹ́bi gbé.
3. Kí ọ̀dọ́ má ṣe bá àgbà gbé.

Kí ni ìdí rẹ̀? Bí ọmọ ọdún 16 bá jí adìyẹ, tí a sì fi í sí àárín àwọn ògbólógbòó olè, wọ́n lè lù ú, wọ́n lè gba oúnjẹ rẹ̀, wọ́n sì lè kọ́ ọ ní iṣẹ́ wọn. Àgùntàn tí ó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́.

Ẹgbẹ́ tí a bá fi ẹlẹ́wọ̀n sí tún lè sọ iye ìgbà tí yóò rí ará ilé rẹ̀. Ní ọdún 1964, ní erékùṣù Robben ní Gúúsù Áfíríkà, ẹgbẹ́ D ni wọ́n fi Mandela sí. Láàárín oṣù mẹ́fà, lẹ́tà kan àti àlejò kan ṣoṣo ni wọ́n gbà fún un. Bí ọ̀dọ́ kò bá rí ará ilé rẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ wà nínú yàrá ni yóò di ẹbí rẹ̀.

Ní Tógò, Òfin Ọmọdé ti ọdún 2007 sọ pé ọmọdé ni ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ọgbà ẹ̀wọ̀n ti ń kún jù, tí afurasí sì pọ̀ nínú wọn. Ọmọ tí ó ga, tí ó ti hu irùngbọ̀n, tí kò sì ní ìwé ìbí, wọ́n lè kà á sí àgbà.

Nítorí náà:

Ẹ tọ́jú ìwé ìbí ọmọ yín. Bí a bá mú un, ẹ tètè mú ẹ̀dà ìwé náà lọ fún ọlọ́pàá àti adájọ́.

Ẹ béèrè pé: Ǹjẹ́ a ti dá ẹjọ́ rẹ̀? Àwọn wo ni ó ń bá gbé?

Ẹ máa lọ wò ó. Ẹ má ṣe pa á tì.

Ọ̀rọ̀ tuntun
Afurasí: ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn, tí adájọ́ kò tíì dá ẹjọ́ rẹ̀.

Ìbéèrè
1. Kí ni ìdí tí ọ̀dọ́ kò fi gbọdọ̀ bá àgbà gbé nínú ẹ̀wọ̀n?
2. Kí ni ìwé ìbí lè ṣe fún ọmọ tí a mú?
3. Níbo ni ìwé ìbí àwọn ọmọ yín wà lónìí?