Bọ́sẹ̀, Fọ Ọwọ́ Ẹ Kí O Tó Fọwọ́ Kan Dòdò Mi

Bọ́sẹ̀, kí ni mò ń wò yìí? Oyún nínú, ológbò lórí ìrọ̀rí, o tún gbé àwo ìgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́! Gbé e kalẹ̀. Ọṣẹ dà?

Má wojú mi báyẹn. Èmi kì í ṣe ara àwọn tí wọ́n á rí ológbò tí wọ́n á ní àjẹ́ dé. Ológbò kò ṣẹ̀ mí, ó tilẹ̀ mọ́ ju ọkọ ẹ lọ. Ìgbẹ́ rẹ̀ ni mò ń bá jà. Kòkòrò kan lè wà níbẹ̀ tí ojú kò lè rí, toxoplasma ni wọ́n ń pè é. Bí aláboyún tí kò ní in rí bá kó o, ó lè wọ inú ọmọ lọ, kó ba ojú tàbí ọpọlọ rẹ̀ jẹ́, oyún sì lè wálẹ̀. Ìgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yà kò tíì lè ranni. Ó di lẹ́yìn ọjọ́ kan sí márùn-ún kó tó lè ranni. Nítorí náà, ojoojúmọ́ ni kí ọkọ ẹ máa kó o. Ọkọ ẹ, mo ní! Ṣebí òun ló gbé ológbò wálé? Ọjọ́ tí kò bá sí ńlé, wọ ìbọ̀wọ́, kí o sì fọ ọwọ́ lẹ́yìn ẹ̀.

Ẹjọ́ ọ̀hún kì í ṣe ti ológbò nìkan o. Ẹran àgùntàn tí o ń rà ní Rye Lane ní London níbí, tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń jẹ nígbà tí inú rẹ̀ ṣì pọ́n, kòkòrò yìí kan náà lè wà nínú ẹ̀. Irú ìjẹkújẹ wo nìyẹn? Sè é kó jinná! Kí o sì ṣan ẹ̀fọ́ títí iyẹ̀pẹ̀ á fi tán lára ẹ̀.

Mú ọwọ́ ẹ wá. Ilà mẹ́ta pupa lórí ọrùn ọwọ́, o sì fi kóòtù bò ó! Ìgbẹ́ eégbọn máa ń há sábẹ́ èékánná ológbò. Bó bá gba ojú ilà wọlé, ó lè fa ibà, kí kókó sì wú lábíyá. Omi ẹ̀rọ àti ọṣẹ, kíá. Kí ọkọ ẹ gba oògùn eégbọn lọ́wọ́ dókítà ẹranko, kó má lọ fi ti ajá sí i lára, ìyẹn lè pa á. Bí ológbò bá bù ọ́ jẹ ńkọ́? Eyín ẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́: ihò kékeré lo máa rí lókè, ìdọ̀tí ti wọlé jìnnà. Má dúró kọ́wọ́ wú, pe 111 ti NHS lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí o bá dé ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn King's, sọ fún un pé ológbò wà ńlé. Má fi pamọ́ fún un bí o ṣe fi pamọ́ fún èmi.